Ẹnu Ni Boaz Fi Ta Gìtá Tirẹ̀

Rárá o, Dádì, mi ò ní jókòó! Ẹ má gbé àga wá, ẹ má ṣí Malta fún mi, omi gan-an mi ò ní mu. Láti Novara ni mo ti wọ treno ojú irin wá sí Sesto San Giovanni lẹ́yìn turno iṣẹ́ àárọ̀, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ wò ó, kì í ṣe iṣu ni mo wá rà nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹjọ́ ni mo wá rò. Tamborín! Dádì Oyèlékè, tamborín ni wọ́n fi lé èmi Ọládùnjoyè lọ́wọ́ lánàá nínú ìjọ Ọlọ́run, níwájú ìyàwó, níwájú ọmọ, níwájú àwọn tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí okùn gìtá! Ọdún méjìlá ni mo ti ń ta gìtá oníná ní ìjọ Novara, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí mo pa jẹ àfi ọjọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí, ọjọ́ yẹn náà, mo dé kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Wá wo tamborín. Ṣìn-ṣìn-ṣìn. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí ni?

Ẹ̀yin ni alábòójútó orin fún gbogbo ìjọ wa, láti Turin títí dé Marghera. Bí ẹ̀yin ò bá gbọ́ ọ, ta ló kù tó fẹ́ gbọ́ ọ? Mo mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi tèmi nìkan dá a ná, nígbà tí Boaz bá dé, ẹ ó wá ṣe àgbà rere.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Dádì, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Boaz yìí náà ni o! Ẹ mọ̀ ọ́n, ó ga bí òpó iná, ó máa ń sọ pé òun ti gbé London rí, oṣù méjì péré ló lò níbẹ̀. Inú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ń ṣiṣẹ́, lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jọ ń di páálí nídìí tábìlì kan náà, ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà láàárín wa. Ní pausa ìsinmi ọjọ́ kan, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Brother Dùnjoyè, nínú gbogbo sólò gìtá oníná tí wọ́n ti ta nínú orin rọ́ọ̀kì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èwo ló ga jù?" Ẹ kúkú mọ sólò, ibi tí akọrin á ti panu mọ́, tí onílù á rọra, tí onígìtá kan ṣoṣo á wá bọ́ síwájú, tí á sọ tinú rẹ̀. Mo ní ìbéèrè ọmọdé nìyẹn. Mo ní Arábìnrin Rosetta Tharpe ni! Ọmọ ìjọ! Ìyá tó ti ń fi gìtá oníná yin Olúwa kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọba rọ́ọ̀kì tó mọ bí wọ́n ṣe ń fun imú.

Ẹ lọ wò ó lórí fóònù yín, ọdún 1964 ni, ní Manchester. Stazione ojú irin kan tí wọn ò lò mọ́ ni wọ́n mú un lọ. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù, àwọn èrò jókòó sí pèpéle binario òdìkejì, ìyá yìí wọ ẹ̀wù òtútù bí ẹni tó ń lọ kí ọmọ tuntun, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó fa okùn kan báyìí... Dádì, gbogbo irun ara mi ló dìde! Kò kánjú. Ó fa okùn yẹn, ó dúró tì í, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sólò.

Boaz bú sẹ́rìn-ín. Ó ní màmá ẹlẹ́wù òtútù kọ́ ló ń jẹ́ rọ́ọ̀kì. Ó ní Hendrix! Ó ní ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ òsì ta á, ó gbé e sẹ́yìn orí ta á, ó fi eyín ta á, nígbà tó wá di ọdún 1967, ó dáná sun gìtá lórí ìtàgé ní California. Mo ní, "Boaz, bí o bá dáná sun gìtá ìjọ, ṣé ìwọ lo máa ṣàlàyé fún Pásítọ̀?" Ó ní ẹ̀mí ni mi ò ní. Èmi! Ó ní ẹ̀mí ni mi ò ní!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi jà á, Dádì. A jà á nínú treno, a jà á nídìí ìrìbọmi, Pásítọ̀ ti ẹnìkan bọ omi, èmi àti Boaz ń sọ̀rọ̀ eyín Hendrix lẹ́yìn. Kódà Signor Ferruccio, capo, ọ̀gá wa, ará Marghera, dá sí i. Ó ní lọ́dún 1989, inú ọkọ̀ ojú omi lòun wà ní Venice nígbà tí Pink Floyd gun ìtàgé tó léfòó sórí omi níwájú San Marco, ó ní ẹni tí kò bá gbọ́ gìtá ọjọ́ yẹn kò tíì fetí gbọ́ nǹkan kan. Omijé bọ́ lójú bàbá arúgbó náà lórí muletto, ọkọ̀ tí a fi ń gbé páálí. Muletto yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gun páálí. Ó ní kí àwa méjèèjì panu mọ́, ká padà sídìí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá mọ síbi ariwo ẹnu lásán. Ẹ̀yin lẹ da epo sí i, Dádì, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé ní àpéjọ ọdún yìí ní Padova, ìjọ kọ̀ọ̀kan yóò fa onígìtá kan kalẹ̀, a ó sì fún un ní ìṣẹ́jú méjì gbáko láti dá ta lójú gbogbo ìjọ. Ìṣẹ́jú méjì!

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín, ẹ̀rín kọ́ nibí yìí. Láti ọdún méjìlá, ẹ̀yìn ni mò ń ta. Akọrin á máa kọrin, èmi á máa ṣe jángí-jángí lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ilé onílé. Bí mo bá ta á dáadáa, wọ́n á ní ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá ṣì í ta, wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?" Mi ò dá nǹkan kan ta rí. Ìṣẹ́jú méjì yẹn wù mí, Dádì. Ó wù mí débi pé tí mo bá ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ páálí, ìka mi á máa tẹ̀ ẹ́ lórí páálí náà. Mo fẹ́ kí èèyàn gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ni Alàgbà Ọlábánjí, olórí akọrin wa, bá lu tábìlì. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́! Wọ́n ní kí èmi àti Boaz mú sólò tí kálukú ń pariwo pé ó ga jù wá, ká ta á níwájú ìjọ. Ẹni tó bá wọ ìjọ lára, òun ni yóò lọ sí Padova. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, tamborín ni yóò máa mì títí ọdún yóò fi yí po, kí etí àwọn lè sinmi. Mo ní àmín. Boaz ní àmín. Wọ́n ní àwọn á dá ọjọ́.

Ó di Wẹ́sìdé. Sister Olúrónkẹ́, akọ̀wé ìjọ, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Ẹ gba fóònù mi. Ẹ kà á. Ẹ wọ awò yín, ẹ kà á sókè! "GITA. Satide, aago meje aaro, eyin stazione. Ki olukuluku mu tire dani. E ma pe." Ó tán! Kò fi àmì kankan sí i! Obìnrin tó kàwé Yorùbá gboyè ní Adó-Èkìtì, kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀! G, I, T, A. Ẹ̀yin náà, Dádì, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, kí lẹ máa kà á sí?

Ẹ ń họ orí. Ẹ ti pẹ́ jù ní Italy.

Gìtá ni mo kà á sí! Kí olúkúlùkù mú gìtá tirẹ̀ dání! Ó ṣe kedere bí ọ̀sán. Tóbilọ́ba, ọmọ mi obìnrin, yọjú wo fóònù láti ẹ̀yìn mi, ó fò sókè, ó ní, "Papà, che bello! Una gita!" Ṣùgbọ́n jíìta ló pè é. Mo ní, "Ọmọ mi, gìtá, gì, gbé ohùn rẹ̀ sókè níparí." Ó ní, "No, papà, si dice gita." Jíìta, jíìta. Mo wá rò ó pé, ṣebí bàbá mi ní Ìkìrun, jìtá náà ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi dolóògbé? "Gbé jìtá yẹn jù sílẹ̀ kí o bọ́ sóko!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ, jìtá, gìtá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú ọmọ náà dùn. Inú tèmi náà dùn. A dì mọ́ra, Dádì, baba àti ọmọ, à ń yọ̀, kálukú ń yọ̀ sí nǹkan ọ̀tọ̀!

Ta ló mọ̀ pé ìrìn afẹ́ ni àwọn ará ibí ń pè bẹ́ẹ̀? Magazzino ni mo mọ̀, ilé ni mo mọ̀, ìjọ ni mo mọ̀. Ta ló mú mi rìnrìn afẹ́ lọ síbì kankan rí láti ọjọ́ tí mo ti dé?

Ó di Sátidé. Mo wọ ṣòkòtò aláwọ dúdú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, awọ màlúù gidi ni, ó fún díẹ̀ nídìí, ṣùgbọ́n ó ń dán. Mo gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, mo gbé ámpù sí èjìká, kílò méjìdínlógún, mo so wáyà mọ́ ìbàdí. Oṣù kẹfà ni o, oòrùn ti ń hó láti aago méje. Ìyàwó mi àti Tóbilọ́ba ti lọ ṣáájú láti lọ gba ìjókòó. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn stazione, kí ni mo rí? Bọ́ọ̀sì pullman ńlá. Kúlà oúnjẹ mẹ́fà. Àwọn ọmọdé fi róbà ìlúwẹ̀ẹ́ sọ́rùn. Alàgbà Ọlábánjí fúnra wọn wọ ṣòkòtò péńpé, orúnkún wọn ń dán bí ojú abọ́.

Mo ní, háà, ẹ wo bí ìjọ ṣe fẹ́ràn gìtá tó! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ wọ́n lára, mi ò mọ̀ pé ó tó kúlà mẹ́fà.

Mo jókòó ti Sister Olúrónkẹ́ nínú pullman. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o, nítorí wọ́n ti ń ṣe é ní eré nínú ìjọ báyìí. Mo ní, "Sister, ibo ni ìtàgé wà?" Ó ní, "Ìtàgé kẹ̀? Lago d'Orta là ń lọ." Mo ní, "Ẹ̀bá adágún? Ó dáa, ó jọ ti Venice. Ta ló máa kọ́kọ́ ta?" Ó ní, "Ta kí ni?" Mo ní, "Gìtá." Ó ní, "Ẹn, gita ni." Mo ní, "Mo mọ̀ pé gìtá ni, ta ló máa kọ́kọ́ ta á?" Ó ní, "Brother, ẹnikẹ́ni ò tà á, ọ̀fẹ́ ni!"

Dádì, ẹ rọra, iṣu yẹn máa bọ́ lọ́wọ́ yín.

Gbogbo èrò inú pullman ló fi ẹ̀rín wó lulẹ̀. Ìyàwó Pásítọ̀ di ikùn mú. Awakọ̀, òyìnbó tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Mo wẹ̀yìn, mo rí Boaz ní ìjókòó ìkẹyìn, kò mú gìtá, kò mú wáyà, abọ́ mọ́ínmọ́ín ló gbé sórí itan. Ó mọ̀! Boaz mọ̀ láti Wẹ́sìdé pé ìrìn afẹ́ ni! Ẹnu ọ̀nà pullman ló ti rí mi tí mo ru ámpù bọ̀, òógùn ń ṣàn, ó ní, "Bros, make I help you carry am." Ó sì bá mi gbé e! Ẹni tó mọ̀ pé ẹrù yìí ò wúlò, ó bá mi gbé e wọlé, ó ń kí mi kú iṣẹ́!

A dé adágún. Alàgbà Ọlábánjí wò mí, wọ́n wo ámpù, wọ́n ní nígbà tí gìtá ti bá wa dé ibí, ká kúkú parí ọ̀rọ̀ yìí ká sinmi. Mo ní ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n iná dà? Gìtá oníná ni mo gbé wá, koríko ni mo rí, omi ni mo rí, pẹ́pẹ́yẹ ni mo rí. Mo sáré lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta gelato, áísìkirímù ibí, létí omi. Mo ṣàlàyé. Ojú ẹ̀ tàn, ó ní òun náà fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, ó fa prolunga yọ, wáyà gígùn tí wọ́n fi ń fa iná, ó ní, "Prego, maestro!" Maestro, Dádì! Wọn ò pè mí ní maestro rí láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi.

Mo ki wáyà bọ ihò. Ìjọ jókòó sórí koríko. Mo di ojú, mo rántí ìyá yẹn nínú òjò ní Manchester, mo fa okùn kan. Wííííííí! Háà! Ẹyẹ fò lórí igi. Òkè òdìkejì omi dáhùn. Mo búra, kò sí ohùn tó tún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Piemonte lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ó kàn mí, ó kàn mí lónìí.

Pàù!

Iná lọ. Salvavita tó ń ṣọ́ iná já. Ẹ mọ iná ibí, bí ẹ bá tan ààrò oníná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ pọ̀, ó parí. Fíríìjì gelato kú, ẹ̀rọ kọfí kú, ámpù mi kú. Ohùn kan péré ni mo ti ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún un tàn, ó tún já. Ó ṣí fíríìjì, ó yọjú wo inú ẹ̀, gelato pistàkíò ti ń làágùn. Kò pè mí ní maestro mọ́. Ó ká prolunga rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹnikẹ́ni tó láàánú lójú á ní ká dúró dọjọ́ mìíràn, àbí? Alàgbà Ọlábánjí ní kí n máa ta á lọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ báwo? Gìtá oníná tí kò níná! Mo ta á o, Dádì. Mo ta gbogbo rẹ̀, ìka mi ń sáré, òógùn ń kún ṣòkòtò aláwọ, ojú mi pọ́n, ohun tó sì ń jáde ni tín-tín-tín, bí ẹ̀fọn inú agolo. Màmá Ìyábọ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún, etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, wọ́n bi ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn lóhùn òkè pé, "Kí ló ń ṣe yẹn? Ṣé irun ló ń yà?"

Ó dùn mí, Dádì. Mo ń bá yín ṣeré ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun.

Ó kan Boaz. Ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó nu ẹnu. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbé gìtá, kò sì gbé nǹkan kan. Ni ó bá lanu! "Wàù-wàkà-wàù, wìrìwìrìwìrì, gbáààà!" Ẹnu! Ẹnu lásán ni Boaz fi ń ta gìtá! Ó gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn orí, ó ta á. Ó kúnlẹ̀, ó ta á. Ó fi eyín gbo afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣe bí ẹni ṣá iná sí i, ó ń fọwọ́ fẹ́ ẹ, ó sì ń sá fún iná tí kò sí. Àwọn ọmọdé ń pariwo, àwọn òyìnbó ti ibi tí wọ́n sùn sí nínú oòrùn dìde, wọ́n ń bọ̀. Ìyàwó Pásítọ̀ jó dé etí omi.

Mo wo ọ̀tún, mo rí Olúwaṣìkẹ́mi. Ìyàwó mi. Ẹni tí mo fẹ́ níwájú pẹpẹ. Ó ń pàtẹ́wọ́! Nígbà tí ojú wa ṣe mẹ́rin, ó ṣe bí ẹni pé ẹ̀fọn ló ń pa. Tóbilọ́ba wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Papà, scusa, ma ha vinto lui." Ó ní òun bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n Boaz ló borí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló dá mi lẹ́jọ́.

Wọ́n ní Boaz ló wọ ìjọ lára. Wọ́n ní Boaz ló ń lọ sí Padova. Lánàá, bí mo ṣe wọ ibi tí mo máa ń dúró sí, tamborín ló wà lórí àga mi, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Ṣé òfin nìyẹn? Ẹ bá mi wò ó bí àgbà. Gìtá oníná la sọ, a ò sọ ẹnu oníná. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Bí ẹnu bá jẹ́ gìtá, kí la wá ń ra okùn fún? Boaz á ní Hendrix fi eyín ta á. Ó fi eyín ta á, eyín sì kan okùn! Eyín Boaz, kí ló kàn? Mọ́ínmọ́ín ló kàn! Ìyá Rosetta dúró nínú omi òjò, iná wà. Àwọn Pink Floyd dúró lórí omi gan-an, iná wà. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n ta á lókùnkùn! Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ pe Alàgbà Ọlábánjí, ẹ ní wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe, nínú ilé, níbi tí iná tó, pẹ̀lú wáyà, pẹ̀lú ámpù, kí ẹni tó bá mọ gìtá ta wá ta gìtá. Bí ẹ ò bá pè wọ́n, ibí yìí ni mo máa sùn, láàárín gàrí àti ẹja gbígbẹ yìí.

Kí lẹ wí? Kí n ṣe é bí Boaz ṣe ṣe é?

Dádì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oníbàárà wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà, ẹ má dá wa lóhùn, ẹ máa yan iṣu yín. Ó dáa, díẹ̀ ni o, kí ẹ lè rí i pé ariwo ewúrẹ́ ni. "Wàù-wàkà-wàù, wìrìwìrì, gbáà." Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ìkánjú! Kò mí, kò dúró, kò jẹ́ kí ohùn kan délé kó tó pe òmíràn. Bó bá jẹ́ pé èmi ni, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ fi ẹnu ta á, ìsàlẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbà tí treno bá ṣì wà lọ́nà jíjìn. "Mmmmm." Mo máa fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo máa wá fà á díẹ̀. "Mmmm-wàààn." Kó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. "Wàààn... wàn, wàn..." Lẹ́yìn náà ni mo máa wá gbé e lọ sókè, okùn kan péré, mo máa tẹ̀ ẹ́, mi ò ní jẹ́ kó lọ, "wííííí", ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, "wííí-í-í-í", ó ń wo ilé, Dádì, ó ń wo ilé, kò tíì wọlé, "wíííííí-ìììì-àààà..."

Kí ló dé tẹ́ ẹ di ojú?

Dádì. Omi wà lójú yín. Àlùbọ́sà ni, àbí? Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ má ká mi sílẹ̀, mo ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Àwọn wo nìyí lẹ́nu ọ̀nà? Látìgbà wo ni wọ́n ti dúró síbẹ̀? Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ta ni? Fún mi? Wọ́n ní kí n tún un ṣe?

Há. Há-há! Háháhá! Olúwa mi o! Ẹ dì mí mú, Dádì! Ó wà nínú mi! Gbogbo ohun tí mo ru ámpù kiri fún, inú ọ̀fun mi ló wà!

Ó tó, ó tó. Ẹ gbé àga yẹn wá. Ẹ ṣí Malta yẹn, kó tutù dáadáa. Èmi ti yí ọ̀rọ̀ mi padà, mi ò fẹ́ iná mọ́, mi ò fẹ́ wáyà. Ẹnu sí ẹnu ni! Ẹ fóònù Boaz, ó ti délé báyìí, ó ń jẹun ni. Ẹ gbé e sí viva voce kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Ó ń dún. Ó ti gbé e. Boaz? Dákẹ́, èmi ni. Má kí mi. Gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀, jókòó dáadáa, kí o sì fetí sílẹ̀. "Mmmmm..."